Ẹ Bi Wá Léèrè: Rush Limbaugh, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí Wọ́n Fẹ́ràn Bí Ẹyinjú tí Wọ́n sì Kórìíra Bí Ikú

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, a mẹ́nu ba Rush Limbaugh níbi tá a ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà, ìlà méjì péré la fi kàn án, bí ìbéèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé nìyẹn. Àwọn kan ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, àwọn kan ń bínú pé a bú u, àwọn kan ń bínú pé a ò tiẹ̀ bú u tó. Ó dáa, òun la máa fi gbogbo ojú ìwé yìí sọ lọ́tẹ̀ yìí. A gé àwọn ìbéèrè tó gùn jù kúrú díẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi ò mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Rush Limbaugh yìí o. Ṣé olóṣèlú ni àbí pásítọ̀? Báwo ló ṣe dẹni táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ jà? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

Àbúrò, kì í ṣe olóṣèlú, kì í sì í ṣe pásítọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Cape Girardeau, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ilé lọ́yà ni ilé wọn, bàbá ẹ̀ lọ́yà, bàbá bàbá ẹ̀ lọ́yà, àbúrò bàbá ẹ̀ di adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àbúrò tiẹ̀ gan-an, David, lọ́yà náà ni. Kálukú ti rò pé ọ̀nà yẹn lòun náà máa tọ̀, àmọ́ ọmọ ò rí ti ìwé rò, rédíò ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin sáfẹ́fẹ́ ní KGMO, iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan tí bàbá ẹ̀ ní ìpín nínú ẹ̀. Wọ́n fi sí yunifásítì, kò lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tó fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ò rọrùn. Láwọn ọdún 1970, wọ́n lé e níbi iṣẹ́ rédíò kan bọ́ sí òmíràn, ní Pennsylvania, ní Kansas City, orúkọ tó sì ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ní Pennsylvania nígbà yẹn ni Jeff Christie. Nígbà tó di 1979 ó fi rédíò sílẹ̀, ó lọ ń bá Kansas City Royals ṣiṣẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ agbá-baseball kan, ó ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn tó ń wá wòran lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1984 ni KFBK ní Sacramento gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kó máa sọ tinú ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ọ̀gá àgbà rédíò ABC rí, Ed McLaughlin, ló wá gbé e lọ sí New York, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1988, ètò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí iléeṣẹ́ rédíò 56 káàkiri Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 37 ni. Àtìgbà yẹn títí tó fi kú, wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, òun nìyẹn.

Mo la gbogbo èyí sílẹ̀ torí pé àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ àtàwọn tó kórìíra ẹ̀ máa ń gbàgbé ẹ̀. Ọmọ rédíò ni látilẹ̀, ó ti kọ́ṣẹ́ yẹn dáadáa kó tó di pé òṣèlú wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tírélà ni mò ń wà, láti Houston lọ sókè lọ́hùn-ún. Téèyàn bá ti kúrò nígboro, rédíò AM nìkan ló kù, ọ̀gbẹ́ni yìí náà ló sì máa ń wà lórí ẹ̀, téèyàn bá yí i síwájú òun ni, tó bá yí i sẹ́yìn òun ni. Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, síbẹ̀ mi ò kí ń pa á. Kí ni àṣírí ẹ̀ gan-an? (Onítírélà kan, Houston)

Bọ̀dá wa, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kó gbàlejò. Kò ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Òun nìkan, maikirofóònù kan, wákàtí mẹ́ta. Á máa fọwọ́ gbá tábìlì, á máa ru bébà wọ́rọ́wọ́rọ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ, á dákẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ lè dúró de ohun tó fẹ́ sọ, á wá sọ ọ́, ẹ̀rín á pa yín. Á ní ẹ̀bùn tí Ọlọ́run yá òun lòun ń lò, á ní ìdajì ọpọlọ òun lòun dè sẹ́yìn kí ìjà lè dọ́gba láàárín òun àtàwọn líbẹ́rà, ìyẹn àwọn tí èrò wọn sún mọ́ ti ẹgbẹ́ Democrat. Kó tó dé, ọ̀rọ̀ òṣèlú orí rédíò máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìpàdé tó kọjá fáwọn ọmọ ẹgbẹ́, àfi kéèyàn sùn. Òun kó gbogbo ọgbọ́n tó kọ́ nídìí gbígbé orin sáfẹ́fẹ́ wọnú òṣèlú, orin yẹ̀yẹ́, ìnagijẹ, ìpanilẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀. Àwọn tó bá pe fóònù wọlé ò ní kí i gùn mọ́, wọ́n á kàn sọ pé “ditto”, pé ohun tẹ́ni tó ṣáájú fi yìn ín làwọn náà fi yìn ín, ibi tí wọ́n ti ń pe àwọn olùgbọ́ ẹ̀ ní dittoheads nìyẹn o.

Èkejì, àsìkò bá a mu. Láti 1949 ni àjọ FCC tó ń rí sí rédíò àti tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Fairness Doctrine, pé iléeṣẹ́ tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ fàyè gba apá kejì náà. Nígbà ìjọba Reagan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ sọ ọ́ di òfin, Reagan kọ̀, kò fọwọ́ sí i, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 1987, FCC fa ìlànà yẹn ya. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ètò Limbaugh bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ti àwọn iléeṣẹ́ AM, orin ti kó lọ sórí FM níbi tí ohùn ti mọ́ jù, ilé wọn ń tú lọ, wọn ò rówó san fún ẹni gidi. McLaughlin wá ń fún wọn ní ètò Limbaugh lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà fún òun ní ìṣẹ́jú mélòó kan lójú wákàtí tóun á máa tà fáwọn onípolówó. Ta ló máa kọ irú ẹ̀? Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ 56 fi di iléeṣẹ́ tó lé ní 600, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ sì le jù, wọ́n ṣírò àwọn tó ń gbọ́ ọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn wo ló ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan? Ẹ̀yin onítírélà, àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí katakata, àwọn tó ń gbé ọjà kiri nínú mọ́tò, àwọn tó dá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé tẹlifíṣàn àtàwọn ìwé ìròyìn ńlá ti New York ò ka àwọn sí, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ parọ́ nídìí ìyẹn. Lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ń fi ohùn dídùn sọ fún ọ pé ìwọ kọ́ lo ya wèrè, àwọn tó ń fojú tín-ín-rín ẹ ni, o ò ní pa rédíò yẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé owó tó ń gbà pọ̀ tó tàwọn agbábọ́ọ̀lù? (Láìdárúkọ, Òṣogbo)

Ó ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. Lọ́dún 2008 ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là. Ilé ẹ̀ wà ní Palm Beach ní Florida, létí òkun, nígbà tó sì gbéyàwó ẹ̀ kẹrin lọ́dún 2010, Elton John ló wá kọrin níbẹ̀. Ìpolówó ló ń mú owó ọ̀hún wá, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń fẹnu ara ẹ̀ polówó púpọ̀ nínú ọjà wọn, torí àwọn olùgbọ́ ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde.

Ṣé ó gbé àpótí ìbò rí? Ẹ ṣáà ń sọ pé ó lágbára nínú ẹgbẹ́ Republican. Báwo lẹni tí ò dupò rí ṣe ń lágbára? (Ọ̀gbẹ́ni kan, Àkúrẹ́)

Kò dupò kankan rí. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i. Nígbà tí ìbò 1992 ń bọ̀, Ààrẹ Bush àgbà ní kó wá sùn nílé ìjọba White House, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ bá a gbé báàgì wọlé. Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà o! Lọ́dún yẹn kan náà, Reagan tó ti fẹ̀yìn tì kọ̀wé sí i pé òun ni ohùn àkọ́kọ́ báyìí fáwọn kọnsáfétíìfù, ìyẹn àwọn tí èrò wọn sún mọ́ ti Republican. Lọ́dún 1994 ni Republican gba ilé aṣojú-ṣòfin lẹ́yìn ogójì ọdún, àwọn aṣòfin tuntun tó wọlé pè é síbi àpèjẹ, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́lá, torí wọ́n gbà pé rédíò ẹ̀ ló gbé àwọn wọlé.

Èyí tó fi agbára ẹ̀ hàn jù lójú tèmi ni ti 2009. Michael Steele ni alága ẹgbẹ́ Republican lápapọ̀ nígbà náà, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa dé ipò yẹn. Ó sọ lórí tẹlifíṣàn pé adánilárayá lásán ni Limbaugh, àti pé ètò ẹ̀ máa ń dáná sọ́rọ̀, ó máa ń burẹ́wà nígbà míì. Ọjọ́ méjì ò pé tí alága fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wò ó, alága ẹgbẹ́ ìjọba tàbí alátakò nílé níbí, kó máa bẹ ẹni tó ń ṣètò orí rédíò!

Ọ̀pọ̀ wọn ló sì tọ ipasẹ̀ ẹ̀. Mike Pence tó ṣe igbákejì Trump, atọ́kùn ètò rédíò lòun náà ní Indiana kó tó dolóṣèlú, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ pé Rush Limbaugh tí wọ́n yọ káféènì ẹ̀ kúrò lòun.

Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ọkùnrin yìí sọ pé oko ẹrú ṣe Amẹ́ríkà lóore. Ọmọ mi tá a bí síbí ní ó máa jẹ́ irọ́, mo ní òótọ́ ni. Ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ó kórìíra àwa èèyàn dúdú àbí kò kórìíra wa? (Ìyá kan, Maryland)

Mọ́mì, ọmọ yín jàre lórí ti WhatsApp yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pín in mọ́. Lọ́dún 2009, Limbaugh wà lára àwọn tó fẹ́ ra St. Louis Rams, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà. Àríwísí pọ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú kan láwọn ò ní gbá fún un, nínú ariwo yẹn làwọn tẹlifíṣàn ńlá kan ti ka ọ̀rọ̀ oko ẹrú yìí sórí afẹ́fẹ́ pé òun ló sọ ọ́. Ó ní òun ò sọ ọ́ rí, wọ́n wá ibi tó ti sọ ọ́ títí, wọn ò rí i, ó sì di dandan káwọn tó gbé e máa kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó fẹ́ ra Rams náà ṣá. Mo bínú sáwọn tó hùmọ̀ irọ́ yẹn, torí pé ẹ̀bùn ńlá ni wọ́n fún un, ohun tó sọ lóòótọ́, tó wà lákọsílẹ̀, ti tó.

Àwọn wo ló sọ lóòótọ́? Lọ́dún 2003 ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn eré ìdárayá, gbà á láti máa bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìsinmi, kò tíì lò tó oṣù kan lẹ́nu ẹ̀ tó fi sọ pé Donovan McNabb, aláwọ̀ dúdú tó ń darí eré fún Philadelphia Eagles, kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, pé àwọn oníròyìn kàn fẹ́ kí dúdú kan ṣe dáadáa nípò yẹn ni. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lọ́dún 2007 ó ń gbé orin yẹ̀yẹ́ kan tó fi àwọ̀ Obama ṣeré sáfẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní 2010, tí òkú ṣì wà lábẹ́ ilé tó wó, ó ní àwọn ti ṣètọrẹ fún Haiti tẹ́lẹ̀, owó orí táwọn ń san ni.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2011, Obama kéde pé òun ń rán nǹkan bíi 100 sójà lọ síbi tí wọ́n ti ń lé Joseph Kony àti Lord’s Resistance Army kiri. Ẹ̀yin náà mọ Kony, ẹni tó jí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé gbé ní Uganda àtàwọn ilẹ̀ tó yí i ká, tó ń kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́, tó ń fi àwọn ọmọbìnrin ṣaya. Limbaugh gbọ́ “Lord” nínú orúkọ wọn, ó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní Kristẹni ni wọ́n, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ń bá jà ní Sudan, Obama ń rán sójà lọ pa Kristẹni. Ó ka àwọn ète tí wọ́n ní ẹgbẹ́ yẹn kọ sílẹ̀ sétí gbogbo ayé. Àfìgbà tẹ́nì kan sọ fún un pé wọ́n ń jí ọmọ gbé lọ́hùn-ún ló tó sọ pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ì bá ti tó o.

Ẹ bi mí bóyá ó kórìíra wa. Mi ò lè rí inú ẹ̀. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ tímọ́tímọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, James Golden, tí wọ́n ń pè ní Bo Snerdley lórí afẹ́fẹ́, èèyàn dúdú ni, ó sì fẹ́ràn ẹ̀ dénú, ó ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ gidi. Ohun tí mo lè sọ ni pé tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tàwa ni, kì í wádìí kó tó la ẹnu.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Gbogbo olóṣèlú ló ń bú ara wọn, kí ló wá mú tiẹ̀ burú ju tàwọn tó kù lọ? (Nọ́ọ̀sì kan, Manchester)

Àǹtí, mi ò lè fi pẹ̀lẹ́ dáhùn èyí.

Níparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí éèdì ń pa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní New York àti San Francisco, tí oògùn tó ṣeé fọkàn tán ò tíì sí, ó ní abala kan nínú ètò ẹ̀ tó fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Á gbé orin sí i. Àwọn èèyàn fárígá, ó dá a dúró, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ ẹ̀. Ó dáa, a gbọ́. Àmọ́ nígbà tó di 2006, Michael J. Fox, òṣèré tó ní àìsàn Parkinson, ṣe ìpolówó fún olùdíje Democrat kan ní Missouri, ara ẹ̀ ń jà, orí ẹ̀ ń yí, Limbaugh ní bóyá kò lo oògùn ẹ̀ ni tàbí ó ń ṣeré, ó wá ń ju apá àti orí síwá sẹ́yìn nínú sítúdíò bó ṣe ń sín in jẹ, kámẹ́rà sì ká a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú wọn mọ̀ pé oògùn àìsàn yẹn gan-an lè mú kí ara máa jà báyẹn.

Ti oṣù kejì 2012 ló wá ya gbogbo ẹ̀ sọ́tọ̀. Sandra Fluke, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Georgetown, lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin Democrat pé ó yẹ kí ìnṣọ́ránsì ilé ẹ̀kọ́ wọn máa sanwó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó sọ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí ilé ẹyin ń dà láàmú, tí dókítà ní kó máa lo oògùn yẹn, tí ò rówó rà á, tó fi di pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tí wọ́n sì yọ ilé ẹyin kan. Limbaugh pe ọmọbìnrin tó lọ jẹ́rìí yìí ní aṣẹ́wó. Ó ní tó bá jẹ́ pé owó àwọn ni wọ́n máa fi ra oògùn fún un, kó máa ká ohun tó ń ṣe sórí fídíò, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì káwọn náà rí i wò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹnu ló ṣì í, ó gbé e wá lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e wá lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ló tó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn táwọn onípolówó ti ń kó owó wọn jáde, lẹ́yìn tí Obama ti pe ọmọ náà lórí fóònù láti gbà á níyànjú.

Ohun tó mú tiẹ̀ burú jù lójú tèmi nìyí, àǹtí. Ààrẹ tó bá bú, ààrẹ ní ibi tó máa ti fèsì. Gómìnà ní. Àwọn ìwé ìròyìn New York tó ń bá jà ní. Mi ò da oorun mi rú nítorí wọn. Àmọ́ ẹni tí éèdì pa, ẹni tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ ilé ìwé, ọmọ Uganda tí wọ́n jí gbé, èwo nínú wọn ló ní iléeṣẹ́ rédíò 600? Ẹyin lohùn, òun náà mọ̀ ọ́n, torí ohùn ló fi ń jẹun.

Ẹ̀yin akọ̀wé wọ̀nyí, ẹni tó gbèjà ọmọ inú oyún, tó ní kéèyàn ṣiṣẹ́ kó má gbára lé ìjọba, tó ní kí ìdílé dúró lórí ìpìlẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ẹni burúkú. Ohun tó ń sọ yẹn náà làwọn òbí wa fi tọ́ wa. Ẹ̀yin náà ti di líbẹ́rà nìyẹn. (Pásítọ̀ kan, Dallas)

Bàbá, mo gbọ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ kọnsáfétíìfù. Ẹni tó bá lòun ò fẹ́ ìṣẹ́yún, tó ní owó orí ti pọ̀ jù, tó ní kí ìjọba má dá sí gbogbo nǹkan, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, àwọn ọmọ wa tó pọ̀ ní Texas ń rò bẹ́ẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ń sọ gbogbo ẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì jẹ́ kí n fún un ní tiẹ̀. Lọ́dún 2001 etí ẹ̀ di, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di adití pátápátá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ mọ́! Kò fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ á máa tẹ ohun táwọn tó pe fóònù ń sọ sójú kọ̀ǹpútà, á máa kà á, á máa fèsì, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ò tètè mọ̀, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóṣù kejìlá, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i létí. Mo kan sáárá sí i nídìí ìyẹn. Ọdọọdún ló sì ń bá àjọ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kówó jọ lórí ètò ẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là.

Àmọ́ ẹ rántí èyí náà. Lọ́dún 1995 ó sọ pé kí wọ́n máa mú àwọn tó ń lo oògùn olóró, kódà káwọn òyìnbó tó ń lò ó tí wọ́n ń mú un jẹ náà wọ ẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2003, òun fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé oògùn apàrora ti di bárakú fóun látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fóun, ó sì lọ gba ìtọ́jú. Nígbà tí ìjọba Florida fẹ́ tú fáìlì ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ta ló dìde láti gbèjà ẹ̀tọ́ ẹ̀? ACLU ni, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ti ń bú láti ọdún pípẹ́. Lọ́dún 2006 wọ́n bá a dọ́gbọ́n sí ẹjọ́ náà, ó san 30,000 dọ́là, wọ́n ní tó bá ń bá ìtọ́jú lọ fún oṣù 18, àwọn máa pa ẹjọ́ rẹ́. Inú mi dùn pé kò ṣẹ̀wọ̀n, nítorí pé aláìsàn ni. Àánú tó rí gbà yẹn, Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ kó bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ fún ẹlòmíì?

Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni, ṣé NBC, àjọ tó ń rí sí rédíò àti tẹlifíṣàn nílé, ò ní ti rédíò yẹn pa? (Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, Abẹ́òkúta)

Wọn ò bá ti bu owó ìtanràn lé e tipẹ́. Ẹ rántí oṣù kẹjọ 2020, mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni NBC ní kí Nigeria Info 99.3 FM l’Ékòó san torí ọ̀rọ̀ tí àlejò wọn, Obadiah Mailafia, sọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn ò gba ìjọba láyè láti fìyà jẹ èèyàn torí èrò ẹ̀, àwọn onípolówó nìkan ló ká a lọ́wọ́ kò. Kí n sòótọ́, mo fara mọ́ tiwọn yẹn ju tiwa lọ. Ìjọba tó lágbára láti pa ẹnu ẹni tí mi ò fẹ́ mọ́, ẹnu tèmi ló kàn.

Báwo ló ṣe kú, ta ló sì wà níbẹ̀ báyìí? (Òǹkàwé kan, Peckham)

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Sìgá ńlá-ńlá wà lẹ́nu ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó sì ti sọ lórí afẹ́fẹ́ rí pé ewu tí wọ́n ní ó wà nínú sìgá ò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì 2020 ló kéde àìsàn náà, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ gan-an, níbi tí Trump ti ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n fi Presidential Medal of Freedom, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí ààrẹ máa ń fúnni, kọ́ ọ lọ́rùn, Melania ìyàwó Trump ló so ó. Àwọn Republican dìde pàtẹ́wọ́, àwọn Democrat jókòó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló sọ fáwọn olùgbọ́ ẹ̀ pé òtútù lásán ni kòrónà. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kejì 2021 ló kú, ẹni 70 ọdún. Ìyàwó ẹ̀, Kathryn, ló sọ ọ́ lórí ètò náà fúnra ẹ̀. Gómìnà Florida ní kí wọ́n so àsíá wálẹ̀, àwọn aláṣẹ kan ní ìpínlẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀.

Ní ti ẹni tó wà níbẹ̀, kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó rí i gbà. Láti oṣù kẹfà 2021 ni àwọn méjì, Clay Travis àti Buck Sexton, ti jọ gba wákàtí mẹ́ta yẹn, àwọn iléeṣẹ́ kan sì mú ẹlòmíì bíi Dan Bongino. Wọ́n ní èèyàn tó ń gbọ́ wọn, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá irú ọ̀rọ̀ báyẹn ti kó lọ sórí pọ́díkáàsì àti YouTube, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.